Bí Bàbá Mi Ṣe Kọ́ Mi ní Ìjókòó

Òórùn omi ẹ̀kọ lára òwú ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá mi. Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun, bí baba tiwọn náà ṣe hun ún. Kí wọ́n tó ta òwú sórí òfì, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi ẹ̀kọ kí ó lè le, wọ́n á sì sá a sórí okùn ní àgbàlá. Lásìkò ọyẹ́, òórùn tó kan díẹ̀ yẹn máa ń gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú eruku àti èéfín igi ìdáná, á wá bá mi lábẹ́ aṣọ ìbora níbi tí mo ká jọ sí. Lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ ìró òfì: kàkà, kàkà, kàkà. Bàbá mi ti kírun àsùbáà, wọ́n ti jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ọmọ wọn ṣì ń bá oorun ṣe àdéhùn pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀ sí i.

Àárọ̀ kan wà nínú ọyẹ́ ọdún kan tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ jí nílé, ṣáájú bàbá mi, ṣáájú àkùkọ ìyá àgbà pàápàá. Ẹ má tíì yìn mí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni mo jí fún. Ẹ̀kọ ni mo fẹ́ jí. Mo yọ́ lọ sí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń rẹ òwú, mo fi ọwọ́ bu ẹ̀kọ, mo sì fi lẹ bébà kan mọ́ ògiri lókè ẹní mi. Tàìmù-tébù ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi yà á, tí mo fi rúlà fa ìlà rẹ̀, tí mo fi kíréyọ́ọ̀nù pupa àti aláwọ̀ ewé kùn ún. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, n kò ka ìwé kankan, nítorí pé mò ń ṣètò bí n ó ṣe máa kàwé.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo wà ní ìwé kẹfà. Ó tó bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin tí a jọ wà nígbà náà, ẹ ó rántí bí ìdánwò àtiwọ iléèwé gíga ṣe máa ń já ọmọ láyà. Tíṣà wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Tíṣà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọ́n sì gba yàrá kan nínú ilé wa. Lára ògiri yàrá wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí tàìmù-tébù, ìyẹn bébà tí wọ́n fa ìlà sí, tó sọ ohun tí wọn yóò máa ṣe ní aago kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni àìsàn náà ti ràn mí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ sínú tèmi. Aago mẹ́rin ààbọ̀, jíjí. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, wíwẹ̀ nínú omi tútù. Aago márùn-ún, ìṣirò. Gírámà, ìtàn, ìwé kíkà, gbogbo wọn ní àyè tiwọn. Mo tilẹ̀ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún ríronú. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta irú àti iyọ̀ lọ́jà, ní kí n ka àkọsílẹ̀ náà sí àwọn létí. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ibi tí mo fi abọ́ fífọ̀ sí. Òótọ́ ni. N kò fi í síbì kankan.

Bàbá mi kò mọ á-bí-dí. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ni pé wọn kò mọ nǹkan, kò tíì rí wọn nídìí òfì. Ọnà tó ní àwọ̀ márùn-ún, tí kò sí lára bébà kankan, wọ́n á gbé e sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin, òwú kan kò ní ṣìnà. Wọ́n ní kí èmi náà ka ìwé mi. Mo kà á. Wọ́n di ojú, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dára púpọ̀, wọ́n sì sọ ohun kan tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ tó bá ń fọ́nnu: "Aṣọ àfẹnuhun kì í bo ìdí, Múlíkà."

N kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí.

Wọn kò nà mí rí lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju pàṣán lọ. Wọ́n yí gbogbo aago inú ìwé mi sí àsìkò ìrun, nítorí ìyẹn ni aago tiwọn. Bí a bá ń ta tẹ́ntẹ́n níwájú ilé, èmi àti Kúdírátù ọ̀rẹ́ mi àti àwọn yòókù, bàbá mi á kọjá lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán ara rẹ̀ létí nǹkan, pé: "Lẹ́yìn alásàárì, gírámà." Wọn kò ní dúró, wọn kò ní wo ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ di orin. Nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ mi bá ti ṣìnà nínú tẹ́ntẹ́n, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọ ọ́ sí mi létí.

Mo rò pé tàìmù-tébù náà ló ní àléébù, mo bá ya òmíràn. Jíjí di aago márùn-ún ààbọ̀. Bàbá mi ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ́ ìyẹn náà sórí. Mo ya ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yẹn ló dára jù nínú wọn, mo sì fi ẹ̀kọ púpọ̀ lẹ̀ ẹ́ kó má baà ṣí, ewúrẹ́ ìyá àgbà bá wọlé nítorí ẹ̀kọ, ó jẹ tàìmù-tébù mọ́ ọn. Bàbá mi ní kí wọ́n má lu ewúrẹ́ náà, pé nínú ilé yìí, ewúrẹ́ yẹn nìkan ni ìwé náà ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ parí, mo ti wà lórí ẹ̀kẹrin.

Ìdánwò dé. Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ, mo wọ yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀, mo mú pẹ́ńsù méjì dání. Gẹ̀ẹ́sì kò burú. Nígbà tí wọ́n pín ìṣirò, mo rí i pé ojú gbogbo àwọn ìbéèrè náà jọ ojú ẹni tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Mo mọ àkọ́kọ́ àti èkejì. Láti ìkẹta lọ, mò ń fi pẹ́ńsù yà wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Nígbà tí èsì jáde lásìkò òjò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níta iléèwé. Orúkọ Kúdírátù wà níbẹ̀. Mo wá tèmi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tún un wá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bóyá wọ́n á ti kọ ọ́ kí n tó padà débẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé lọ́jọ́ náà. Ìró òfì ń dún. Bí mo ṣe kọjá, bàbá mi kò dáwọ́ dúró láti bèèrè èsì, mo sì mọ̀ pé ìròyìn ti ṣáájú mi délé.

Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, pé àwọn yóò ránṣẹ́ sí àbúrò àwọn tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn, kí ó wá mú mi lọ kọ́ṣẹ́ kí iléèwé tó wọlé. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra téèpù tí aránṣọ fi ń wọn ènìyàn, wọ́n gbé e sórí àpótí mi. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ aṣọ rírán, àbúrò ìyá mi náà sì jẹ́ ẹni rere. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ síléèwé. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó àfi ìgbà tí mo rí téèpù yẹn tó ká jọ sórí àpótí, tó ń wò mí. Ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun ayílà, bàbá mi pè mí sí ìdí òfì. Wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo ní iléèwé ni. Wọ́n ní kí n kó gbogbo tàìmù-tébù mi wá. Mo kó méjì tó wà lára ògiri àti ọ̀kan tí mo ti fi bo ìwé. Wọ́n ní kí n kà wọ́n. Níbi tí mo ti fẹ́ fo jíjí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n ní mo fo nǹkan. Wọ́n wá bèèrè pé ọjọ́ mélòó ni mo fi tẹ̀ lé àkọ́kọ́. Mo ní ọjọ́ méjì. Wọ́n ní èkejì ńkọ́. Mo ní ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Wọ́n ní èyí tí ewúrẹ́ jẹ ńkọ́. Mo ní ó jẹ ẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí èsì ti jáde. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́, ọnà tí gbogbo ènìyàn máa pé jọ wò ni àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó gùn tó apá kan, ó á ti sú àwọn, àwọn á gé e, àwọn á ta òmíràn. Àjákù aṣọ tó rẹwà ń ga sí i ní igun ilé, kò sì sí èyí tí ọmọ ènìyàn lè wọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá wọn kò nà wọ́n. Ó kàn ní kí wọ́n máa hun ìgbọ̀nwọ́ méjì aṣọ funfun báláú, tí kò ní ọnà kankan, ní àràárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Odindi oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

"Mi ò lè kọ́ ẹ ní ìwé," bàbá mi ní, "torí mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ìyẹn ni mo lè kọ́ ẹ."

Àdéhùn náà kò gùn. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, n ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ òfì. Bàbá mi á hun ìgbọ̀nwọ́ méjì, èmi á ṣe ìṣirò mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí á dúró de èkejì. Kò sí ẹni tó máa mu ògì títí di ìgbà náà. Kò sí gírámà lẹ́yìn alásàárì mọ́, kò sí wíwẹ̀ nínú omi tútù, kò sí ríronú. Wọ́n ní kí n kó àwọn bébà náà fún Ràfíù kó fi dáná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá mi jáde, wọ́n na ìka kan sí mi: "Ọdún kan péré." Wọn kò gbé téèpù kúrò lórí àpótí mi.

Báyìí ni mo ṣe padà sí ìwé kẹfà láàárín àwọn ọmọ tí mo jù lọ. Àǹtí Tíṣà ló ń yan ìṣirò mẹ́wàá náà fún mi, àwọn náà ló sì ń fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pupa náà pọ̀ débi tí bàbá mi fi bèèrè bóyá ọnà ni wọ́n ń yà sí i. Nígbà míràn wọ́n á ní kí n ka ìbéèrè kan sókè. Ẹ rántí ìbéèrè tí ẹnì kan ti ń bu omi sínú àgbá tó ń jò, tí wọ́n á ní kí ẹ sọ ìgbà tó máa kún. Bàbá mi ní kí ló dé tí ẹni náà kò kọ́kọ́ dí ihò.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, n kò jí. Ẹran àná ṣì wúwo nínú mi. Mo gbọ́ ìpè ìrun bí ẹni tó ń gbọ́ ọ láti inú kànga, mo yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí mo la ojú, oòrùn ti wọ yàrá, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró òfì. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi jókòó sídìí òfì, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Lórí àga níwájú wọn ni Alàájì kan láti Tẹ̀dé jókòó sí, tí wọ́n wá gba aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ọkọ̀ tó ń padà sọ́nà Tẹ̀dé kò ní pẹ́ gbéra. Aṣọ náà kò sì kù ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ.

Alàájì bèèrè ohun tó fa ìdúró. Bàbá mi dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi: "Ẹ má bínú, Alàájì. Èmi àti ẹnì kan la jọ ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Kò tíì dé ni."

Alàájì ní ibo ni ẹni náà ń gbé, kí wọ́n rán ènìyàn sí i. Bàbá mi na ọwọ́ sí ojú fèrèsé mi.

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, n ó wọlé, n ó tún bá a pa ẹnu dé. Mo jáde tòun ti ojú àìbọ́, ìwé mi lábẹ́ abíyá. Alàájì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó retí géńdé ọkùnrin. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tẹ́ ẹní, mo jókòó. Ìgbà náà ni bàbá mi mú ọkọ̀ òwú, igi kékeré tó ń gbé òwú láti ọwọ́ kan dé èkejì, kàkà kàkà sì bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò mẹ́wàá lójú Alàájì. Oníṣòwò ẹ̀wà ni wọ́n, wọ́n sì mọ nọ́ńbà. Nígbà tó yá, wọ́n na ọrùn wo ìwé mi, wọ́n ní ìkẹjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo pa á, mo tún un ṣe. Alàájì bá ọkọ̀ wọn. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sí mi létí rí, n kò sì sùn kọjá àsìkò mọ́.

Ẹ má rò pé mo ti di ènìyàn gidi láti ọjọ́ náà o. Ojú ló ń tì mí. Mò ń jí nítorí kí bàbá mi má baà tún fi ọwọ́ júwe fèrèsé mi fún àlejò. Bí oṣù bá ti ń lọ, pupa Àǹtí Tíṣà ń dín kù, ṣùgbọ́n n kò rò pé èmi ni mo ń ṣe é. Mo rò pé bàbá mi ni.

Ọyẹ́ tún dé, ibà sì dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kírun, mo padà sórí ẹní mi, mo sọ fún ara mi pé kò sí àdéhùn nígbà tí ẹnì kejì bá ń ṣàìsàn. Mo ká ara mi jọ, mo dijú. Oorun kò wá. Mo yí sí ọ̀tún, mo yí sí òsì. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí mo gbàgbé nǹkan síbì kan. Níkẹyìn mo dìde, mo gbé ẹní, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì tó dákẹ́, tí eruku ọyẹ́ ti ń bà lórí òwú rẹ̀. Mo ṣe mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó ń wò mí, kò sì sí ẹni tí mo ń dúró dè.

Ní àárọ̀ kẹrin, mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn mi. Bàbá mi ti fi aṣọ ìbora yí ara wọn ká, wọ́n fara ti òpó ẹnu ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀. Wọ́n yípadà, wọ́n rọra wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí bàbá mi ti kú, ni ìyá mi tó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n padà dé orí ibùsùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ó ti jókòó."

Nígbà tí èsì kejì jáde, ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ mi, nítorí mo mọ ìwọ̀n ara mi. Mo wá a dé àárín, kò sí. Mo ti fẹ́ yí ẹ̀yìn padà nígbà tí ọmọ kan fà mí láṣọ, ó ní ṣé n kò rí orúkọ mi lókè ni. Ipò kẹta ni. Mo sáré délé. Bàbá mi gbọ́, wọ́n ṣe àlùbáríkà fún mi, wọ́n wá bèèrè bóyá wọ́n máa ń tètè jí ní iléèwé náà. Ìyá mi sọ fún gbogbo ará ilé pé àwọn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù tí wọ́n rà ni wọ́n fi wọn yunifọ́ọ̀mù mi.

Ìṣirò ni mo wá fi jẹun. Mo kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn ní ìṣirò títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mo kọ́ máa ń sọ fún ọmọ wọn pé láti inú ìyá mi ni mo ti ń jí láàárọ̀ kùtù. N kì í já wọn ní irọ́.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa rìn fún ìdajì wákàtí ní àràárọ̀. Ìyẹn nìkan ló ní kí n ṣe. Ọmọ mi obìnrin ra bàtà funfun kan ránṣẹ́ sí mi láti fi máa rìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò nínú páálí. Mo sọ fún dókítà pé orúnkún ń dùn mí. Mo sọ fún ọmọ mi pé ajá aládùúgbò kò ní ìwà. Mo ti sọ fún ó kéré tán ẹni mẹ́fà pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti bá mi yọ̀, inú mi dùn bí ẹni tó ti rìn ín tán.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, mo bọ ẹsẹ̀ sínú bàtà náà, mo rìn dé ìta mọ́ṣáláṣí, mo padà. Lọ́jọ́ kejì mo kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Lónìí òjò ń kán wínníwínní. Mo ti wọ bàtà tán, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ojú ọ̀run bóyá á pọ̀ sí i kí n lè rí àwáwí. Ọmọ ọdún méjìlá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì yẹn ìbá ti lọ, ìbá sì ti dé.